Ọlọ́run Yọ Tiwa Mi Lọ́wọ́ Búrẹ́dì

Ẹ bá mi hó yèè fún Jésù! Ẹ tún un hó, ariwo yìí kò tíì dé Mazamaza lọ́hùn-ún! Baba, o ṣeun!

Èmi ni Ìyá Tiwa, Festac níbí là ń gbé. Bísí, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ń gbé lókè wa. Ọdún kan náà la bímọ: èmi ni mo kọ́kọ́ bí Tiwa, kí Bísí tó bí Démi. Nígbà tí Tiwa ń mu ọmú, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí jẹ oúnjẹ tí nǹkan yí padà. Ikùn rẹ̀ wú, ìdí rẹ̀ gbẹ, apá rẹ̀ tín-ín-rín. Ó ń ṣu gbuuru, òórùn rẹ̀ ń lé wa jáde ní yàrá. Ọmọ tó ti ń rìn tún ní kí n máa pọn òun. Ẹkún ṣáá! Ìyá ọkọ mi ní, "Eyín ló ń hù." A lo oògùn aràn títí. Pàbó!

Démi ńkọ́? Démi ń tóbi! Bí a bá jọ jáde, òun làwọn èèyàn ń gbé mọ́ra. Tèmi, wọn á ní, "Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?" Lọ́jọ́ kan, Bísí gbé báàgì sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Àǹtí mi, aṣọ Démi rèé, kò gbà á mọ́. Á bá Tiwa mu."

Àbúrò ń fún ẹ̀gbọ́n láṣọ tó ti kéré! Mo ní, "O ṣé o." Mo tilẹ̀kùn, mo sunkún. Jésù, ìlara gbóná! Mo ní Démi ò ní sanra ju tèmi lọ láé. Búrẹ́dì, sẹ̀mó, bísíkíìtì: bí Démi bá jẹ ẹyọ kan, Tiwa á jẹ méjì. Bí mo ṣe ń fún un tó, bẹ́ẹ̀ ló ń rù.

Ọjọ́ tó bì títí tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, a gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà, obìnrin ni, fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. "Màmá, kí ló ń jẹ?" Mo kà á. Nígbà tó ní búrẹ́dì lòun fura sí, mo ní ṣé kí n dá a dúró ni. Ó ní, "Ẹ má tíì dá a dúró. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ná; bí kò bá jẹ ẹ́ mọ́, èsì lè tàn wá jẹ." Wọ́n tún ti kámẹ́rà kékeré gba ọ̀fun rẹ̀ wo ìfun.

Ó wá ní, "Síliákì ni wọ́n ń pè é. Bí àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì bá dé inú rẹ̀, ara rẹ̀ á máa ba ìfun jẹ́, oúnjẹ ò ní ráyè ṣe é lóore. Kò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì, sẹ̀mó, bísíkíìtì mọ́ láyé. Mọ́ọ̀tì tí à ń mu pàápàá, rárá: ọkà bálì inú rẹ̀ ń ṣe bíi ti àlìkámà."

Ọkọ mi ní, "Dókítà, kí ló wá kù?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bà ńkọ́? Iyán, ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín?"

Ògo! A dá gbogbo rẹ̀ dúró; nígbà tó yá, ìgbẹ́ rẹ̀ dì. Ikùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ń sáré! Lánàá, ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Démi, ó tì í ṣubú. Mo sáré bẹ Bísí, àmọ́ ẹ̀yin ará, inú mi dùn! Bísí ti bú sẹ́kún. "Àǹtí mi, ẹ fi í sílẹ̀ kó tì í! Ó ti lágbára!" A dì mọ́ra, a sunkún ayọ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi ojú ìlara wo ọmọ ẹlòmíràn, tí tiyín ń rù, tí ikùn rẹ̀ ń wú, ẹ má wulẹ̀ ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Jésù tó gbọ́ tèmi á gbọ́ tiyín. Mo dúpẹ́! Ẹ bá mi dúpẹ́!