Bí Mo Ṣe Kọ́ Nolfa Láti Da Wáìnì

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ jókòó. Fádà ti gbọ́ tèmi tán láàárọ̀, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́, àmọ́ Ọlọ́run kọ́ ni mo ṣẹ̀ jù. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́dún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn kò dà nínú mi, mi ò sì lè gbé e wọ sàréè. Belisario, àbúrò mi, má dúró sójú fèrèsé mọ́. Wá síbi tí mo ti lè rí ojú ẹ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ Nolfa Mansilla rí. Ọmọ apẹja ni, láti erékùṣù Chiloé ní gúúsù, ó sì wá ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé ní Curicó níbí. Belisario fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń dá rẹ́rìn-ín lórí ẹṣin. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, kò sí ọkùnrin kan tó tíì wá fẹ́ mi. Èmi ni mo ń so kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́dìí, èmi ni mo ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Màmá nídìí tábìlì. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí Nolfa bá wọlé, mo gbọ́dọ̀ sún fún un. Kò sí ìdí mìíràn o. Ìlara ni, ẹ má bá mi fún un lórúkọ tó dára.

Ẹ rántí bí tábìlì Màmá ṣe rí. Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn síta, èso pàápàá, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ la fi ń jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ tọ́ oúnjẹ wò kí Màmá tó mú ṣíbí. Nílé tàwọn Nolfa, òkúta gbígbóná ni wọ́n fi ń se ẹja àti ọ̀dùnkún nínú ilẹ̀, wọ́n á fọwọ́ jẹ ẹ́, wọ́n á sì máa pariwo. Nígbà tí Màmá ní kó wá jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Ìsinmi, kí òun wò ó dáadáa kí òun tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó, ọ̀dọ̀ mi ló sáré wá.

"Àǹtí Hortensia, ẹ gbà mí," ló wí. "Ẹ kọ́ mi o. Tí n bá fọ̀bẹ bó ọsàn yẹn, ó máa fò bá Màmá lójú ni!"

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ, òótọ́ sì ni gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ, títí ó fi kan ìgbẹ̀yìn.

"Ó ku ẹyọ kan," mo ní. "Nílé wa, ìyàwó tuntun ló ń da wáìnì fún ìyá ọkọ. Ọwọ́ òsì ni wàá fi gbé ìgò, torí òun ló sún mọ́ ọkàn. Wàá wá yí i padà, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Wọ́n á fi mọ̀ pé o ò fi nǹkan kan pa mọ́."

"Báyìí, Àǹtí?"

"Báyìí gẹ́lẹ́."

Gbogbo yín lẹ mọ dídà yẹn. Dídà ọ̀dàlẹ̀ ni àwọn àgbà ń pè é, ẹni tó bá ń wá ikú ẹni ló ń da wáìnì báyẹn fúnni. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ń bá Bàbá du omi tó ń ṣàn wọ oko ṣe da wáìnì fún un níbi ìgbéyàwó kan, ọ̀sẹ̀ kejì la bá òkú Bàbá nínú omi náà. Màmá ò gbàgbé ọwọ́ yẹn rí. Mo mọ̀. Torí pé mo mọ̀ ni mo ṣe ṣe é.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, Nolfa jẹun bí ọmọ tí wọ́n bí sídìí tábìlì wa. Ó bó ọsàn láìfi ìka kàn án. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Belisario, o ò sọ fún mi pé ọmọ yìí mọ̀wà hù tó báyìí." Mo lè dá a dúró nígbà náà. Ká ní mo wúkọ́ lásán, ì bá wò mí. Mi ò wúkọ́. Nolfa ṣẹ́jú sí mi, ó dìde, ó gbé ìgò.

Wáìnì ò tíì dé ìdajì ife tí Màmá fi ti àga sẹ́yìn. "Ta ló rán ẹ sí mi?"

"Màmá, ṣé mi ò dà á dáadáa ni?"

"Mo ní ta ló rán ẹ! Ṣé ikú ọkọ mi ò tíì tó yín ni?"

"Àǹtí Hortensia ló kọ́ mi! Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn!"

Belisario kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo mú búrẹ́dì iwájú mi, mo fi ẹnu kò ó. "Mo fi búrẹ́dì yìí búra," mo ní, "mi ò kọ́ ọ. Òun ló ń bi mí léèrè bí Bàbá ṣe kú." Irọ́ kejì yẹn, kò sẹ́ni tó ní kí n pa á. Mo fi kún un kó lè dùn ni. Èmi ìkà! Belisario ò pariwo, ó kàn ní, "Nolfa, máa lọ." Láti ọjọ́ yẹn, kò fẹ́ obìnrin kankan.

Ẹ má tíì sunkún, mi ò tíì dé ibi tó burú jù. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, kí n lè fojú mi rí i pé ó ti lọ. Ó rí mi. Mo rò pé ó máa gbá mi létí ni, àmọ́ ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé ikùn ara rẹ̀.

"Oṣù méjì," ló wí. "Mo fẹ́ sọ fún un lẹ́yìn oúnjẹ ni. Kò fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́. Àǹtí, mi ò ní bú yín, mi ò ní bi yín ní nǹkan kan láéláé. Ẹ ṣáà sọ fún un."

Mo ní, "Màá sọ fún un." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo délé, Belisario bi mí bóyá ó sọ nǹkan kan. Mo ní kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá sá tọ̀ yín wá pé kí ẹ kọ́ òun, ẹ̀mí rẹ̀ ló kó lé yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Belisario, bú mi. Gbá mi. Má kàn wò mí bẹ́ẹ̀. Ìdáríjì tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún, mi ò lójú àti bẹ̀ ẹ́, pa á mọ́ sọ́wọ́ ẹ. Ọmọ ẹ á ti pé ogójì ọdún. Mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, mi ò mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Quemchi ni abúlé àwọn Nolfa ní Chiloé. Bọ́ọ̀sì gúúsù ṣì wà lónìí. Má dúró sin mí, àwọn wọ̀nyí á sin mí. Dìde, àbúrò mi. Máa lọ.