Ojú-ìwé Mẹ́ta tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ẹ̀yìn Ìwé Kíká

Lánàá ni mo tẹ́ ìwé kíká kan, irú èyí tí a ń ká bí ẹní, sórí pákó, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fi aṣọ tútù bo ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì jókòó tì í títí àtè ìyẹ̀fun àlìkámà tí mo fi lẹ̀ ẹ́ ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn fi rọ̀. Ẹ̀yin ará tẹ́ḿpìlì, ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni mo ń wú báyìí, n kò sì ní pẹ́ mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Èmi Bian, adàwékọ yín tí ẹ ń pè ní olóòótọ́, mo jí òtítọ́ gbé, mo sì fi pa ènìyàn.

Ẹ̀yin àgbà rántí ìjà tó wà ní ìlú Jiankang wa yìí nígbà náà. Ìwé mímọ́ tó kọ́kọ́ dé láti Íńdíà sọ pé irúgbìn Búdà, ìyẹn agbára láti di ẹni tó là lójú bíi tirẹ̀, wà nínú gbogbo ènìyàn, àfi àwọn tó burú kọjá ààlà. Àwọn yẹn dà bí ọkà jéró yíyan: òjò tó wù kó rọ̀, kò ní hù. Olùkọ́ Sengyao nìkan ló ní rárá. Ó ní ìwé náà kò pé, pé apá tó kù ṣì ń bọ̀ lọ́nà, pé irúgbìn náà wà nínú gbogbo wa láìyọ ẹnì kan. Daokui, olórí wa, fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Sengyao, ìwọ lo bí Búdà ni, tí o fi mọ ohun tí kò tíì sọ?" Sengyao ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó rí èéfín, ṣé ó dìgbà tó bá dé ìdí ààrò kó tó mọ̀ pé iná wà?"

Ìyá Ashi, tó ń hun bàtà koríko, ló sọ ọ́ di ọ̀ràn ẹ̀mí. Ashi ọmọ rẹ̀ di adigunjalè, ó pa gbogbo èrò inú ọkọ̀ ojú omi kan, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí létí odò Qinhuai. Láràárọ̀ ni ìyá náà ń wá. "Bàbá, ṣé irúgbìn náà wà nínú Ashi?" "Ó wà, ìyá." "Ṣé ó dá yín lójú? Èmi tí mo bí i, n kò rí i o." Sengyao á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìdáhùn yẹn ló fi ń wà láàyè.

Lẹ́yìn náà ni arìnrìn-àjò kan ti aṣálẹ̀ dé, ó sì kú sọ́dọ̀ wa. Èmi ni mo tú ẹrù rẹ̀. Mo bá ojú-ìwé mẹ́ta níbẹ̀, tí wọ́n ti túmọ̀ sí èdè wa. Apá tó kù ni: irúgbìn náà wà nínú ẹni ibi pẹ̀lú. Mo gbé e fún Daokui. Ó kà á tán. "Ta ló tún rí i?" "Kò sí, Bàbá." "A ti sọ fún gbogbo ìlú pé Sengyao ti ṣìnà. Ṣé àwa ni wọ́n máa wá fi ṣẹ̀sín? Sun ún. Àyè olórí adàwékọ sì ṣófo, àbí o ò mọ̀?" Mo mọ̀. Ọmọ darandaran ni mí, inú iyanrìn ni mo ti fi igi kọ́ ara mi níwèé. Ẹ wò mí, àwíjàre ni mo tún ń wá yẹn!

Mo gba àyè náà, ṣùgbọ́n n kò lè sun ìwé. Mo pe ìyẹn ní ìwà rere. Gbogbo ìwé kíká ló ní bébà tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà ya, kò sì sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo se ìyẹ̀fun, mo sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo da omi èèpo igi kíkorò tó ń lé kòkòrò sí i. Mo lẹ ojú-ìwé mẹ́ta náà mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà gan-an tó dá ẹni ibi lẹ́bi, mo sì fi bébà òfìfo bò wọ́n. Iṣẹ́ náà mọ́ débi pé inú mi dùn sí i.

Ìwé yẹn ni Daokui kà sókè lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ Sengyao. Sengyao yíjú sí mi. "Bian, ìwọ lo tú ẹrù àlejò yẹn. Ṣé o rí nǹkan kan níbẹ̀?" Mo ní, "Rárá, Olùkọ́." Ó ní, "Ó dáa." Wọ́n lé e lọ sórí òkè, òtútù sì pa á níbẹ̀.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n lé e, Ìyá Ashi wá bá mi nídìí iṣẹ́. "Ọmọ mi, wọ́n ní o mọ̀wé. Má tan arúgbó. Ṣé jéró yíyan lọmọ mi?" Ìwé náà wà lórí itan mi, ó tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Ẹ lọ sinmi." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sétí Qinhuai, ó tò wọ́n pọ̀ dáadáa, ó sì rìn wọ inú omi.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, odindi ìwé náà dé, ó sì dá Sengyao láre. Gbogbo yín sun tùràrí fún Sengyao. Èmi ni mo da ogójì ẹ̀dà kọ, ẹ sì yìn mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ra fún iṣẹ́ tó bá mọ́ jù. Ẹ máa wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn ojú-ìwé náà ti yọ, wọ́n ti gbẹ, wọn kò ya. Láàárọ̀ yìí ni mo gbé wọn lọ fún Aqiu, àbúrò Ashi. Mo kúnlẹ̀, mo kà wọ́n sí i létí, mo jẹ́wọ́, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Nítorí náà, irúgbìn náà wà nínú ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó wà."

"Ó wà nínú Daokui."

"Ó wà."

"Á jẹ́ pé ó wà nínú yín náà, Bàbá Bian." Ó gba àwọn ojú-ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká wọn pọ̀, ó fi wọ́n sí àyà rẹ̀. "Ìyẹn ni n kò tíì lè gbà gbọ́. Ẹ dìde, ẹ máa lọ."