Ọwọ́ Mi Tí Wọ́n Sọ Di Ọwọ́ Adẹ́tẹ̀

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú tì mí, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ ni mo máa fi sọ ọ́, kì í ṣe èdè ilé, nítorí àwọn ọmọ pólì tó wá bá wa jọ́sìn láti Ọ̀wọ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni ìyá Fọláṣadé tó ń yan gàrí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbí ní Ìpele. Iṣẹ́ gàrí yìí ni mo fi tọ́ Ṣadé títí ó fi di tísà.

Ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún mi àti èyí tó tẹ̀ lé e ló kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú wọn. Mo ní àárẹ̀ ni, mo fi òrí pa á. Nígbà tó yá, èèrà ò rìn mọ́, àwọn ìka náà kú ni. Ẹran ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò mi gbẹ, ìka méjèèjì sì ká wọnú. Mi ò lè di bọ́tìnì mọ́. Igbá tí mo fi ń ro gàrí á kàn já bọ́ lọ́wọ́ mi, gàrí á fọ́n ká.

Lọ́jọ́ kan mo wà nídìí agbada, mo gbọ́ òórùn ẹran sísun. Mo ní, "Ta ló ń sun ẹran láàárọ̀ yìí?" Àṣé ìka mi ni! Ó fara ti etí agbada, ó ń jó, èmi sì ń wojú káàkiri. Yéè! Kò dùn mí rárá. Àìdùn yẹn ló bà mí lẹ́rù ju ọgbẹ́ náà lọ.

Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń pe àìsàn tó bá ń ká ìka, tí iná ń jó ni tí kò dùn ni. Kò sẹ́ni tó pè é lójú mi. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé gàrí ṣì wà nílé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí gan-an, lọ́jọ́ kọ́múníọ̀n, mo mu nínú ife, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kúnlẹ̀ tẹ̀ lé mi, ó mi orí, ó dìde. Mi ò ní dárúkọ, ó mọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá sọ fún mi pé kí n máa kúnlẹ̀ gbẹ̀yìn, kí orúnkún mi lè sinmi. Orúnkún mi! Ta ló sọ fún yín pé orúnkún ń dùn mí?

Mo gbà á mọ́ra. Ti ọmọ mi ni mi ò lè gbà mọ́ra. Ṣadé ti rí ọkọ, ọmọ ìlú Ìmoru, ọmọ dáadáa. Ẹ sì mọ ìṣe wa, a kì í fẹ́yàwó láìṣe ìwádìí. Wọ́n á bèèrè wèrè nínú ìdílé, wọ́n á bèèrè wárápá, wọ́n á bèèrè ẹ̀tẹ̀. Ìyá ọkọ gbéra, ó wá fúnra rẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n fún àlejò lómi. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ṣé èmi ni màá wá fi òsì gbé omi fún àna? Mo bá mú ọ̀tún jáde. Ojú ìyá náà bọ́ sórí àwọn ìka yẹn, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó gbé omi sílẹ̀, ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé ká ṣì ní sùúrù. Sùúrù kí ni? Wọ́n ti sá nìyẹn. Ṣadé ò sunkún lójú mi, ó kàn ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Mo wọ yàrá, mo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ ẹ̀tẹ̀ ni, sọ ọ́ kí n mọ̀, kí n lọ jókòó síbi kan. Tí kì í bá ṣe òun, tú ọmọ mi sílẹ̀, má jẹ́ kó ru ẹrù mi!" Àṣé Ṣadé wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù." Mo ti ń kọ̀ tipẹ́, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ dárúkọ ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mi ò lè kọ̀ mọ́.

Àsìkò tí kò sí epo bẹ́ńtírò ni. A dúró lójú títì títí oòrùn fi mú wa ká tó rí ọkọ̀ dé Ọ̀wọ̀. Dókítà fi abẹ́rẹ́ gún ìka mi, ó fi abẹ họ etí mi díẹ̀ láti fi yẹ ẹ̀tẹ̀ wò, ó ya fọ́tò egungun, ó ní ká padà wá gbọ́ èsì. Ẹ̀yin ará, mi ò rí oúnjẹ jẹ títí ọjọ́ náà fi pé. Bí mo ṣe jókòó níwájú rẹ̀, ó di ìgbúnwọ́ mi mú. Ó ní, "Màmá, kí ló ṣe ibí yìí tó fi wọ́?" Mo ní mo já bọ́ lórí igi obì nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n dì í, ó sì jinná. Ó ní ó jinná lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tọ́. Egungun tó wọ́ yẹn ló ti ń fa iṣan tí ọwọ́ fi ń mọ nǹkan lára láti ọjọ́ yìí wá.

Mo ní, "Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Kò sí ẹ̀tẹ̀ lára yín, Màmá."

Mo wólẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Ṣadé náà wá bú sẹ́kún, ẹkún tó ti ń gbé mì.

Wọ́n la ìgbúnwọ́ mi, wọ́n sún iṣan náà kúrò lẹ́yìn egungun wá síwájú. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé nǹkan ń yí padà. Lóṣù tó kọjá, egungun ẹja gún ìka kékeré yìí, mo ké! Ó dùn mí! Ẹ bá mi yọ̀, ó dùn mí! Àwọn ará Ìmoru gbọ́ ohun tí dókítà sọ, wọ́n ti padà wá bẹ̀bẹ̀, a sì ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìka yìí kò tíì nà tán, mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run. Ògo ni fún Un síbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ́ kígbe Halelúyà, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Mi ò mú ìwé dókítà wá fún yín, ọwọ́ náà ni mo mú wá. Mo ti nà án nìyí. Ẹni tó bá gbà pé Ọlọ́run ṣe é, kó dìde, kó wá bọ̀ mí lọ́wọ́ ná.