Èmi Ni Mo Ní Kí Ìyá Ọkọ Mi Má Gbé Apá Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá àwọn èèyàn lóhùn lójú ìwé yìí, ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá korò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìmọ̀ràn yín, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì wú mi lórí. Ẹni tí ọkọ lù, ẹ ní kó gbàdúrà. Ẹni tó jalè, ẹ ní kó gbàdúrà. Èmi ò wá àdúrà wá síbí. Nǹkan kan ló wà lọ́rùn mi, tí mi ò bá sì tètè sọ ọ́, ẹlòmíràn máa bá mi sọ ọ́.

Èmi ni mo ba apá ìyá ọkọ mi jẹ́. Mi ò fi igi lù ú, mi ò fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀. Ẹnu ni mo fi bà á jẹ́.

Ẹ máa rí i pé "ó" ni mò ń pè é, mi ò pè é ní "wọ́n". Mo mọ̀ pé àgbà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà nínú mi.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ṣùgbọ́n Mowo lọ́nà Badagry ni bàbá mi ti ṣe tíṣà, ibẹ̀ la dàgbà sí. Àwọn ọmọ Ègùn ni mo bá ṣeré, mo sì gbọ́ èdè wọn dáadáa. Ègùn ni ọkọ mi náà, Gbaji ni ilé wọn. Ìyá rẹ̀ ò gbọ́ Yorùbá ju èyí tó fi ń ta ẹja lọ. Àmọ́ èébú ò wọ́n ọn ní èdè tirẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ló ti ń pè mí ní Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, ṣùgbọ́n lẹ́nu tirẹ̀ ó ń dún bí ẹni tó ń lé ajá jáde.

Iṣẹ́ kan wà tó fi ń yangàn, ọmọ wíwẹ̀. Bí obìnrin bá bímọ ní Gbaji, òun ni wọ́n ń pè kó wá fi omi gbígbóná wẹ ọmọ, kó fi òrí ra á lára, kó na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Á fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ìkókó sókè, á máa rẹ́rìn-ín, ìyá ọmọ á sì máa gbọ̀n. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti bá a wí?

Nígbà tí mo bí Sẹ̀wánù, àkọ́bí mi, màmá mi wá láti Mowo. Ó mú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú dání, ó ra bàsíà tuntun. Ìyá ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ìyá bàbá ló ń wẹ ọmọ nínú ilé tiwọn, kí màmá mi máa lọ sinmi. Èmi ló ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ! Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá tó bí mi. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀, ojo lásán-làsàn. Màmá mi gbé bàsíà rẹ̀, ó padà sílé. Kò pẹ́ sígbà náà tó kú, kò wẹ ọmọ mi kankan rí.

Oyún kejì ti wà nínú mi nígbà tí èjìká ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Apá ọ̀tún ni. Ó kọ́kọ́ ní ó ń dun òun, ó ń fi àdín ra á. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ ò dé orí mọ́, kò lè we gèlè, kò lè ha ẹ̀yìn ara rẹ̀. Dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà tó wà lára rẹ̀ máa ń fa irú ẹ̀, pé èjìká náà ti ń gan. Ó ní kó máa lọ sọ́dọ̀ fisio, àwọn tó ń fi ìdárayá tú oríkèé tó bá gan. Seme ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, kì í ráyè. Ó ní kí n máa mú ìyá òun lọ, torí ọmọ Oǹdó ni fisio náà, kò gbọ́ Ègùn rárá.

Ṣé ẹ rí i bí wọ́n ṣe gbé e lé mi lọ́wọ́?

Ọmọdébìnrin ni fisio náà, ó ń rìn bí ẹni tó ni ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yé e. Ó dúró síwájú ògiri, ó ń fi ìka ọwọ́ gun ògiri lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ̀ba, ó jẹ́ kí apá rẹ̀ máa fì síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Màmá, ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́ o. Ó máa dùn yín díẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó wà lójú kan. Tó bá wà lójú kan, á gan pa."

Ìyá ọkọ mi yíjú sí mi. Mo sọ fún un ní Ègùn pé ohun tí fisio fi hàn án yẹn gan-an ni kò gbọdọ̀ ṣe. Mo ní tó bá gbé apá báyẹn, iṣan á já. Mo ní kó fi aṣọ gbé e kọ́ ọrùn, kó má mì ín rárá.

Ó mi orí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ fisio. Fisio ní, "Màmá yìí mà gbọ́ràn o." Díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ tá à ń bọ̀. Tí fisio bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ na apá náà tí arúgbó ń ké, mo máa ń sọ fún un pé wọ́n kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Tí fisio bá béèrè bóyá ó ń ṣe ìdárayá nílé, èmi á bi í ní Ègùn pé ṣé ó rí oorun sùn. Á ní rárá. Èmi á wá sọ fún fisio pé ó ní òun ò ṣe é, pé ó ní eré ọmọdé ni. Ọmọ náà bínú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, tí ẹ ò bá fẹ́ kí ara yín yá, ẹ yéé dà mí láàmú!" Mo túmọ̀ rẹ̀ pé ó ń kí i kú ìfaradà.

Nígbà tá a máa tún lọ, ó gbé ẹja gbígbẹ lọ fún un. Ẹja gbígbẹ! Fún ẹni tó bú u! Mo wò ó, mo ní nínú ara mi pé, òmùgọ̀ arúgbó. Kò pẹ́ tí fisio fi ní kó má wá mọ́, pé òun ò ráyè fún aláìgbọràn. Ọkọ mi rí aṣọ tó fi gbé apá kọ́rùn, mo ní fisio ló ní bẹ́ẹ̀. Kò tún béèrè nǹkan kan. Ìgbà wo ló béèrè nǹkan rí?

Mo bímọ. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àpótí, apá nínú aṣọ, ó ń wò mí. Èmi fúnra mi ni mo wẹ ọmọ mi, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo lò. Arúgbó náà ń sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn. Ṣe ni mo rọra ń wẹ̀ ẹ́, kó lè wò ó dáadáa.

Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí. Apá ìyá ọkọ mi ti rù, kò lè gbé e kọjá àyà. Kò sẹ́ni tó ń pè é kó wá wẹ ọmọ mọ́. Tó bá gbọ́ pé ẹnì kan bímọ ládùúgbò, á wọ yàrá lọ. Èmi ni mò ń wọ aṣọ fún un. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn ẹgbẹ́ ìyá ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ìyàwó tuntun, wọ́n ní kí wọ́n wá wo bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ìyá ọkọ. Àwọn òpè! Mo máa ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó lé mi débí ni pé fisio tuntun ti dé ilé ìwòsàn náà. Ọmọ Ègùn ni, Badagry níbí ni wọ́n bí i sí. Ọkọ mi yọ̀, ó ní Màmá máa fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Mo lọ fọgbọ́n bi nọ́ọ̀sì kan ní ìlú Ibereko bóyá irú apá bẹ́ẹ̀ ṣì lè tú. Ó ní ó ṣeé ṣe tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, àmọ́ tí wọ́n bá tún fi falẹ̀, kò dájú mọ́. Tó bá sì lọ, àṣírí mi tú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọkọ tó ń wo ilẹ̀ nígbà tí wọ́n lé màmá mi, kò ní wo ilẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìyá tirẹ̀. Màá kó ẹrù mi ni.

Ìyá ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ní òun ò lọ. Ó ní fisio àkọ́kọ́ ní kí òun má gbé apá, òun ò sì gbé e. Ó ní òun fara da gbogbo rẹ̀ torí òun fẹ́ tún wẹ ọmọ kí òun tó kú. Ó ní ẹni tuntun yìí á tún wá sọ tirẹ̀, èwo wá ni kí òun gbà gbọ́? Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kọ̀. Ó wá fi ọwọ́ òsì dì mí mú, ó ní, "Ìyá Sẹ̀wánù, ìwọ lo bá mi débẹ̀. Ohun tó o bá ní kí n ṣe ni màá ṣe. Ṣé kí n lọ?"

Mo ní ọmọ ń ké, mo dìde. Ọmọ kankan ò ké.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Tí mo bá ní kó má lọ, ó parí, mo bọ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Mi ò fẹ́ràn obìnrin yìí, mi ò sì rò pé màá fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ara mi ti ń rí mi lára. Òun tí mò ń pè ní òmùgọ̀, kí ló ṣe? Ó gba ohun tí mo sọ gbọ́ ni.

Ọ̀la ni ọjọ́ tí wọ́n dá. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń ki apá tó gan yẹn bọ ọwọ́ bùbá, ó dùn ún, ó rọra fajú ro, ó sì tún bi mí pé, "Ṣé kí n lọ?" Mi ò tíì dá a lóhùn. Ó ń dúró dè mí nínú yàrá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?