Aṣọ Tóyọ̀sí Ni Kọ̀ǹpútà Mú

Lois, jókòó, má tíì tú gèlè, má sì sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù, torí gbogbo sùúrù tí mo ní ni mo ti lò tán láàárọ̀ yìí nínú gbọ̀ngàn ìlú yẹn! Ta ni mo ṣẹ̀? Èmi Ayọ̀kẹ́mi, tí gbogbo Ògìdì mọ̀ nídìí òfì, èmi ni kọ̀ǹpútà wo aṣọ mi tó ní kò dára, tó wá mú ti Tóyọ̀sí! Tóyọ̀sí! Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń di apása tí a fi ń lu òwú pọ̀ mú!

Àbúrò mi, ìwọ náà mọ aṣọ Tóyọ̀sí. Má rẹ́rìn-ín o. Ṣé aṣọ nìyẹn àbí àpò àgbàdo? Ó wúwo, ó rí págunpàgun, òwú rẹ̀ tóbi bí okùn ewúrẹ́, bí o bá fi bora, o ó rò pé ẹnìkan ló dùbúlẹ̀ lé ọ lórí. Tèmi ńkọ́? Tèmi fẹ́lẹ́, ó ń dán, o lè ká a kó wọ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Àwọn aya olóyè ń ti Kàbà wá a dé ẹnu ọ̀nà mi, àfi ìgbà tí Olúmidé gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Olúmidé ọmọ mi tí mo pọ̀n! Ẹ̀yìn mi yìí náà ló tọ̀ sí!

Ẹn-ẹn, mo mọ̀, gbọ̀ngàn náà ń yọ wá lẹ́nu, mi ò jiyàn. Wọ́n lẹ táìsì mọ́ ilẹ̀, wọ́n fi gíláàsì sí gbogbo fèrèsé, wọ́n gbé òrùlé lọ sókè réré, ìgbà tí ọba wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ò tíì tán tí òmíràn fi gùn ún lẹ́yìn, a ò gbọ́ ju wùù-wùù-wùù lọ. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Olúmidé, torí ìmọ̀ ohùn ló kọ́ ní yunifásítì. Ó dé, ó wọn gígùn, ó wọn ìbú, ó wọn gíga, ó ya gbogbo gbọ̀ngàn sínú kọ̀ǹpútà tàga tilẹ̀kùn, ó ní bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ níwájú, kọ̀ǹpútà á ṣírò bí ohùn rẹ̀ ṣe máa dún tó létí ẹni tó wà lórí àga kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí a bá so aṣọ òfì mọ́ ògiri, aṣọ á máa gbé ohùn mì, kò ní jẹ́ kó ta padà. Ó ní kí àwa tó ń hunṣọ mú aṣọ wá, òun máa yan ọ̀kan.

Ta ló yẹ kó yàn? Ìwọ sọ ọ́!

Ó gba aṣọ mi, ó wo bó ṣe nípọn tó, ó wo bó ṣe wúwo tó, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ó ní ká dúró. Ni ojú kọ̀ǹpútà bá pọ́n! Lois, àwòrán gbọ̀ngàn náà pọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó pọ́n bí aṣọ ìpò! Ọmọ Bùnù ni èmi àti ìwọ, kí la mọ pupa sí nílé wa? Ṣé kì í ṣe aṣọ ìpò pupa yẹn ni wọ́n fi ń yẹ́ àgbà tó lọ́lá sí bó bá papò dà? Mo ní orí mi ti ṣe é! Mo dìde, mo jó, mo yí ìdí sí Tóyọ̀sí, mo tilẹ̀ ní kó má banú jẹ́, pé tirẹ̀ á ṣeé fi nu ilẹ̀.

Ni Olúmidé bá lanu. "Màmá, ẹ jókòó. Ibi tó pọ́n yẹn ni ariwo ti pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ ò ní yé ẹnikẹ́ni níbẹ̀." Níṣojú gbogbo wọn! Ijó kú mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ó wá fi àpò àgbàdo yẹn sí i, ojú ẹ̀rọ bá tutù, ó di àwọ̀ ewé, ni wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́. Fún Tóyọ̀sí! Hàbà!

O mọ ohun tó dùn mí jù? Tóyọ̀sí ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ǹ bá bá a jà, ara mi ì bá sì fúyẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyálé mi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi." Kai! Mò ń jowú, bẹ́ẹ̀ ni, jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, owú yìí ń jó mi láyà! Mi ò lówó, mi ò kàwé, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Aṣọ ni mo ní. Bí wọ́n bá ṣí gbọ̀ngàn yẹn, tí àwọn ará Mopa, ará Ìsánlú, ará Kàbà bá péjọ, tí wọ́n ní ta ló hun aṣọ tó rẹwà yìí, tí wọ́n bá dárúkọ Tóyọ̀sí, ta ni èmi ó wá jẹ́ nílùú yìí?

Olúmidé ò sì tíì ṣe mí tán. Ó ní òun ò ní dá aṣọ mi padà, òun á fi bo ojú sípíkà, nítorí ó fẹ́lẹ́, ohùn á gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí ẹni pé kò sí níbẹ̀! Aṣọ Ayọ̀kẹ́mi! Mi ò dúró gbọ́ ìyókù, mo ká aṣọ mi, mo bọ́ síta, mo fi ìwọ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Mo sì fi Ọlọ́run búra, aṣọ mi ò ní wọ gbọ̀ngàn yẹn láéláé, kódà kí ọba fúnra rẹ̀ wá...

Hẹn? Kí lo wí? Tún un wí. Ògiri wo ni wọ́n máa so ti Tóyọ̀sí mọ́?

Ògiri ẹ̀yìn? Ẹ̀yìn pátápátá, tí gbogbo èèyàn máa kọ ẹ̀yìn sí? Wọn ò so ọ̀kankan síwájú? Sípíkà wá ńkọ́, níbo ló máa wà?

Lọ́tùn-ún lósì àga ọba!

Há! Há-há-há! Lois, dì mí mú! Kọ̀ǹpútà yẹn mà gbọ́n o! Ìpàkọ́ èèyàn ni aṣọ Tóyọ̀sí á máa wò! Dìde, máa sáré lọ, kí Olúmidé tó kúrò nílùú, sọ fún un pé ìyá tó pọ̀n ọ́n ti gbà. Kó sì rán Tóyọ̀sí wá gbé aṣọ mi, kó ní kó fọ ọwọ́ dáadáa kó tó wá, kó sì rọra gbé e, n ò fẹ́ kó rún un!