Jogbo Tí Mo Kó Sí Ebè Àbúrò Mi

Comfort Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Alárè, ọmọ arójò joyè, àbúrò mi tí mo pọ̀n lẹ́yìn, ti lọ. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ń kọ̀wé sí yín fún ìmọ̀ràn. Ẹrù kan ti pẹ́ láyà mi, mi ò sì lè gbé e dé ibojì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Àgbò, àwọn kan ti fọ́ bátìrì mọ́tò rí, wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀ tà. Nígbà tí wọ́n lọ, májèlé òjé ti ba ilẹ̀ náà jẹ́. Ni Dókítà Fọlákẹ́, olùkọ́ yunifásítì, bá wá láti Àgọ́-Ìwòyè. Ó gbin jogbo síbẹ̀, jogbo olódòdó yẹ́lò tó ń hù létí títì. Ó ní yóò fa májèlé kúrò nínú ilẹ̀. Èmi ló fi ṣe ọlọ́dẹ ibẹ̀.

Ó ní bí àwọn bá ti gé e, kí n kó gbogbo rẹ̀ sínú kòtò oní-simẹ́ńtì, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe ohunkóhun. Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo fi í rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Jogbo ni ajílẹ̀ tiwa. Bàbá wa Sámúẹ́lì a máa gé e sídìí iṣu kó jẹrà. Ewé tó tutù yọ̀yọ̀ báyẹn, májèlé wo ló lè wà nínú rẹ̀?

Ẹ̀fọ́ Àbẹ̀kẹ́ ń pọ́n lórí ebè nígbà náà. Ẹ̀fọ́ yẹn ló fi ń jẹun lẹ́yìn ikú Jòónà ọkọ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo di jogbo sínú àpò, mo rì í sí ebè rẹ̀. Ẹ̀fọ́ náà dúdú, ó fẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ọlọ́dẹ yín yìí mà dáa o. Ẹ tún bá mi jí díẹ̀ wá."

Mo tún kó o. Ọdọọdún ni mo ń kó o.

Ọjọ́ kan ni mo wá bi Dókítà, bí ẹni ń ṣàwàdà, pé tí ewé yìí bá jẹrà, ṣé májèlé rẹ̀ kì í bá a lọ.

"Rárá, bàbá. Òjé kì í jẹrà. Ibi tí ewé bá jẹrà sí ló máa wà."

Ó bi mí bóyá gbogbo rẹ̀ ló wà nínú kòtò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ojú ló tì mí. Àbẹ̀kẹ́ ti ń tà á fún àwọn ìyá ìjọ wa, Ìyá Ẹ̀bùn, Ìyá Dèbọ̀, Màmá Rẹ̀bẹ́kà. Mo kàn ṣíwọ́ kíkó o ni. Mo sì ṣíwọ́ jíjẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀. Mo ní inú ń run mí.

Ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Inú rírun, àárẹ̀, ìgbàgbé. Ọsibítù ní ọjọ́ ogbó ni. Mi ò mọ̀ bóyá ebè yẹn ló pa á. Ká ní mo sọ̀rọ̀ ni, wọn ì bá mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Lánàá, Bọ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀ ní àwọn ò ní ra ẹ̀fọ́ fún àlejò ìsìnkú, pé ti màmá òun ṣì kún orí ebè. Gbogbo ilé ní ó gbọ́n. Èmi náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ náà? Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni a máa sin Àbẹ̀kẹ́.