Ọmọ Ogún Ọdún Lọ́jọ́ Sátidé

Nígbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó kojú mi nínú bọ́lẹ̀kájà tó ń ti Ìlọrà lọ sí Ìbàdàn, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn tí wọ́n ń mú lọ fún dókítà sẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń fohùn jẹ́jẹ́ jà.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni kí o pe ara rẹ," ìyá náà wí. "Dókítà àwọn ọmọdé ti mọ ẹkún rẹ àti àìsùn rẹ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tì ọ́ sọ́dọ̀ dókítà àwọn àgbà."

"Màámi, níwájú àwọn tó wá tọrọ mi ní Sátidé, ọmọ ogún ọdún ni ẹ pè mí."

"Ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tó ń wá ìyàwó kì í béèrè káàdì ọsibítù."

"Ọdún méjìdínlógún ló wà nínú káàdì mi. Dókítà àwọn ọmọdé ti kọ lẹ́tà sí dókítà àwọn àgbà tó máa gbà mí, àwọn fúnra wọn ló sì máa mú mi débẹ̀ lónìí. Wọ́n ní èmi nìkan ni màá wọlé."

Nígbà tí a dé Fìdítì, ìyá náà tún gbé e dé:

"Bí mi ò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò sọ ohun tó ń ṣe ọ́?"

"Èmi tó ń ṣe ni."

Mo yáa kọjú sí ìta kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín mi. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi ro ẹjọ́ ara mi, ohun tí mo fi ń dá a lóhùn nìyẹn.

Ìyá náà bó ọsàn kan nínú ti dókítà, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. "Kí lo wá máa sọ nípa tèmi?"

Ọmọ náà gba ọsàn. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi. A ò lè tíì dé orí ọ̀rọ̀ yín lónìí."